Ọwọ́ Ara Ẹni La Fi Í Tún Ìwà Ara Ẹni Ṣe

Àwọn àgbà ní ọwọ́ ara ẹni la fi í tún ìwà ara ẹni ṣe, wọn kò sì fi òwe náà mọ sórí ọ̀rọ̀ ẹnu, nítorí ṣàṣà ni ilé tí a ó wọ̀ nígbà ayé wọn tí a kò ní bá orógùn, ìgbákọ tàbí àpótí ìjókòó tí baálé fúnra rẹ̀ ṣe, tí ìyàwó ń lò, tí ọmọ sì ń bá nílẹ̀. Lónìí, bí orógùn bá ṣẹ́ mọ́ ọkà lọ́wọ́, ọjà ni a ń sáré lọ. Èmi kò bá ẹni tí owó ń bẹ lápò rẹ̀ jà. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ní àáké, ọ̀bẹ mímú kan, ayùn, òòlù àti ìwọ̀nba ìṣó, tí ó sì ní sùúrù kún un, ohun ìtìjú ni kí ó máa náwó lórí igi tí ó lè gbẹ́ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí ọwọ́ rẹ̀ bá dilẹ̀.

Igi ni kí a kọ́kọ́ mọ̀. Igi tí ó tọ́ kì í pẹ́ nígbó, bẹ́ẹ̀ èyí tí ó tọ́ gan-an ni a ń wá: kí ìlà ara rẹ̀ lọ tààrà láti orí dé ìdí, kí ó má sì ní kókó. Ìrókò olúwéré ni gbogbo ènìyàn ń dárúkọ, nítorí pé ikán kì í fẹ́ jẹ inú rẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé apá funfun tí ó wà lẹ́bàá èèpo kò ní irú agbára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n n kò ní gbé e lé ọwọ́ ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́, torí eruku rẹ̀ a máa yọ imú àti awọ ara lẹ́nu, òkúta a sì máa wà nínú rẹ̀ nígbà mìíràn tí í ba eyín ayùn jẹ́. Arère fúyẹ́, ó sì rọrùn láti gé, àmọ́ kòkòrò kì í fi í sílẹ̀. Fún orógùn, ìrẹ̀ ni kí ẹ wá, igi funfun tí ó rọ̀ lọ́wọ́, tí àwọn agbẹ́gilére fẹ́ràn láti fi gbẹ́ ère ìbejì.

Nígbà tí igi bá ṣì tútù ni kí ẹ gbẹ́ orógùn, torí ọ̀bẹ a máa wọlé sí i láìjanpata. Ẹ fi àáké là á, ẹ má fi ayùn rẹ́ ẹ, kí ó lè là gẹ́gẹ́ bí ìlà ara rẹ̀ ti lọ. Ẹ yẹra fún àárín gbùngbùn igi, nítorí ibẹ̀ ni ó ti ń sán nígbà tí ó bá ń gbẹ. Ìgbọ̀nwọ́ 1 ààbọ̀ tó fún gígùn orógùn.

Ibí yìí ni ìkánjú ti ń ba iṣẹ́ jẹ́. Àwọn agbẹ́gilére Èkìtì àti Ìgbómìnà, irú àwọn tí àlùfáà Ìjọ Àgùdà nì, Kevin Carroll, bá ṣiṣẹ́ ní Ọ̀yẹ́-Èkìtì láti ọdún 1947, pín iṣẹ́ wọn sí ìpele mẹ́rin: ọnà lílé, tí a fi àáké já ìrísí ńlá jáde, àlétúnlé, tí a tún un lé kí ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan lè hàn, dídán, tí a fá ara rẹ̀ kí ó jọ̀lọ̀, lẹ́yìn náà ni fínfín, tí a fín ọnà sí i. Ọmọdé tí ó bá gbé ọ̀bẹ, ọnà ìdí orógùn ni ó fẹ́ kọ́kọ́ fín, kí pẹlẹbẹ orí rẹ̀ tó dọ́gba! Ẹ jẹ́ kí orí pé ná, kí ọrùn pé, kí ibi tí ọwọ́ ń dì mú yípo, kí ẹ tó ronú ọnà. Ewé eépín tí ó ti gbẹ díẹ̀ ni kí ẹ fi ha á nígbẹ̀yìn, kí ẹ bò ó mọ́ inú èérún igi ní ibòji kí ó lè rọra gbẹ, kí ẹ wá fi epo pa á lára.

Bí ọ̀bẹ ti mú tó, kò lè gbẹ́ èkù ara rẹ̀. Òkúta ìpọ́nbẹ ni alábàárìn rẹ̀, kí ó má sì jìnnà. Ọ̀bẹ tí ó kú ni í gé ni lọ́wọ́, nítorí pé agbára ni a ń fi tì í, bí ó bá sì yọ̀, kò sí ẹni tí ó mọ ibi tí yóò balẹ̀ sí. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fi agbára mú ní í le koko: ẹ máa bó igi náà díẹ̀díẹ̀, kí ẹnu ọ̀bẹ sì kọ ẹ̀yìn sí yín.

Ti àpótí yàtọ̀: pákó tí ó ti gbẹ dáadáa ni ó ń fẹ́. Igi tí ń gbẹ a máa sún kì ní ìbú, kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ sún kì ní gígùn, nítorí náà ẹni tí ó bá kan pákó tútù pọ̀ yóò rí i pé ó là tàbí pé ìṣó rẹ̀ tú. Pákó tí ó nípọn tó íǹṣì 1 ni kí ẹ lò: orí rẹ̀, íǹṣì 14 ní gígùn àti 9 ní ìbú, ẹsẹ̀ méjì tí ó ga ní íǹṣì 9, àti pákó tẹ́ẹ́rẹ́ méjì tí yóò so ẹsẹ̀ pọ̀ lábẹ́ orí. Bí ẹ kò bá ní irinṣẹ́ tí a fi ń mọ igun, ẹ ká ìwé kan sí méjì, kí ẹ tún un ká, kí etí àkọ́kọ́ bà lé ara rẹ̀ gẹ́lẹ́. Igun rẹ̀ tó fún iṣẹ́ yìí.

Kí ẹ tó kan ìṣó, ẹ fi òòlù lu ẹnu rẹ̀ kí ó kú díẹ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni yóò rò pé ìṣó mímú ni ó dára jù, ṣùgbọ́n ẹnu mímú a máa ya igi sí méjì, nígbà tí ẹnu tí ó kú ń fọ́ igi níwájú rẹ̀ bí ó ti ń wọlé. Ẹ má tò wọ́n sórí ìlà igi kan ṣoṣo, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ pákó yóò là. Bí àpótí bá ń mì, ẹ gbé e sórí ilẹ̀ tí ó tẹ́jú, ẹ wo igun ìdí ẹsẹ̀ tí kò kanlẹ̀, ẹ fá àwọn igun yòókù díẹ̀díẹ̀ títí tí yóò fi jókòó.

Ẹ̀yin baálé, bí ẹ bá ń ṣe iṣẹ́ yìí, ẹ pe ọmọ yín wá sítòsí, kí ẹ fún un ní ewé eépín, kí ó máa ha ti tirẹ̀. Ọ̀bẹ ń bọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ bí ó bá dàgbà tó.