Èéfín Kò Mọ Ààlà: Òfin Sìgá Mímu ní Gbangba àti Òmìnira Ẹni

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun Ọba tí Ó fún wa ní afẹ́fẹ́ tí a ń mí láìgba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ wa. Afẹ́fẹ́ yìí kan náà ni ẹ̀kọ́ wa dá lé lórí lóṣù yìí: ta ló ni ín, ta ló sì láṣẹ láti bà á jẹ́ mọ́ ẹlòmíràn lára?

Ní ọ̀sán ọjọ́ Sátidé kan, à ń ti Ìbàdàn bọ̀ wá sí Fìdítì pẹ̀lú páálí oògùn tí a lọ rà. Mọ́tò akérò náà kún. Nígbà tí a kọjá Mọ́níyà, ọkùnrin kan tí ó jókòó níwájú ṣáná sí sìgá. Obìnrin kan wà lẹ́yìn pẹ̀lú ọmọbìnrin rẹ̀ tí kò lè ju ọmọ ọdún mẹ́rin lọ. Ọmọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í húkọ́. Ìyá rẹ̀ ní, “Ẹ jọ̀ọ́, bọ̀dá, ọmọ mi ní ikọ́ fée. Ẹ bá wa pa á.” Ọkùnrin náà kò yíjú padà. Ó ní, “Màmá, owó mi ni mo fi rà á, ẹ̀dọ̀fóró mi sì ni. Ẹ ṣí fèrèsé yín.”

Awakọ̀ ní òun kò fẹ́ ìjà nínú mọ́tò òun. Bàbá kan ní ó yẹ kí ó pa á. Ẹlòmíràn ní kálukú ló lómìnira ara rẹ̀. Àwa náà ń rò ó bóyá kí a dá sí i. Kí a tó rò ó tán, ọmọ náà ti ń mí fée-fée, àyà rẹ̀ sì ń wọnú. Ìgbà yẹn ni a ní kí awakọ̀ dúró. A bi ìyá rẹ̀ léèrè oògùn tí ọmọ ń lò. Ó ní èyí tí wọ́n ń fà sẹ́nu ni, pé ó ti tán nílé. Irú rẹ̀ wà nínú páálí wa. A dá ihò sí ìdí ike omi, a ki ẹnu oògùn náà bọ̀ ọ́, ọmọ sì fi ẹnu ike mí i sínú díẹ̀díẹ̀. Ọlọ́hun ṣàánú, èémí rẹ̀ balẹ̀, a sì ní kí ìyá rẹ̀ gbé e lọ sí ọsibítù lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀.

Ohun tó dùn wá jù ni pé apoògùn ni wá, a mọ òfin, a mọ àìsàn náà, síbẹ̀ a dákẹ́ fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ẹ̀kọ́ yìí jẹ́ gbèsè tí à ń san.

1. Kí ni èéfín sìgá ń ṣe lára ẹni tí kò mu ún?

Ọ̀nà méjì ni èéfín sìgá ń gbà jáde. Àkọ́kọ́ ni èyí tí ẹni tó ń mu ún fà tí ó sì tú síta. Èkejì ni èyí tí ń rú láti ẹnu iná nígbà tí sìgá wà láàárín ìka rẹ̀. Èkejì yìí ni ó pọ̀ jù nínú ohun tí àwọn tó jókòó tì í ń mí sínú.

Kẹ́míkà tó wà nínú èéfín sìgá ju 7,000 lọ. Ó kéré tán, 69 nínú wọn ni a mọ̀ pé ó lè fa jẹjẹrẹ. Ọ̀kan nínú àwọn yòókù ni afẹ́fẹ́ olóró kan náà tí ń jáde láti inú jẹnẹrétọ̀, èyí tí ń gba ipò afẹ́fẹ́ rere nínú ẹ̀jẹ̀. Ẹ̀dọ̀fóró ọmọdé kéré, ó sì ń mí kánkán ju àgbà lọ. Ìdí nìyí tí èéfín fi ń tètè mú un: ikọ́ fée, àrùn ẹ̀dọ̀fóró, etí dídùn. Ó lè mú kí aboyún bí ọmọ tí kò tẹ̀wọ̀n tó. Ní ti àgbàlagbà, ó lè fa àrùn ọkàn, rọpárọsẹ̀ àti jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró.

Ní ọdún 1981, dókítà ará Japan kan, Takeshi Hirayama, tẹ ìwádìí kan jáde lórí àwọn ìyàwó ilé tó ju 90,000 lọ tí wọn kì í mu sìgá. Ó rí i pé jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró pa àwọn tí ọkọ wọn ń mu sìgá gan-an ju àwọn tí ọkọ wọn kì í mu ún lọ. Lónìí, Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé àwọn tí tábà ń pa lọ́dọọdún ju mílíọ̀nù 7 lọ, àti pé ó ju mílíọ̀nù kan lọ nínú wọn tí kò mu sìgá rárá; èéfín ẹlòmíràn ni wọ́n mí. Fèrèsé ṣíṣí kò tó láti lé e, nítorí ọ̀pọ̀ èéfín náà ni ojú kò rí.

2. Kí ni òfin sọ?

Ọ̀pọ̀ wa rò pé ọ̀rọ̀ ìwà ọmọlúàbí nìkan ni èyí. Òfin ni. Láti ọdún 1990 ni ìjọba ológun ti ṣe òfin tó ní kí ẹnikẹ́ni má mu sìgá ní àwọn ibi kan bí ilé ìwé, ọsibítù àti ọkọ̀ èrò. Ní 2005, Nàìjíríà fi òǹtẹ̀ lu àdéhùn àgbáyé lórí ìdarí tábà. Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun ṣe òfin tirẹ̀ ní 2009, Èkó ṣe tirẹ̀ ní 2014. Ní oṣù karùn-ún 2015, Ààrẹ Goodluck Jonathan buwọ́ lu òfin ìdarí tábà tó kárí gbogbo orílẹ̀-èdè. Nítorí náà ó kan Fìdítì, ó kan Ìlọrà, bí ó ti kan Àbújá.

Lára ohun tí òfin 2015 sọ nìwọ̀nyí:

• Kò gbọdọ̀ sí sìgá mímu nínú ọkọ̀ èrò, ilé ìwé, ọsibítù, ibi ìṣeré ọmọdé, pápá ìṣeré àti ilé oúnjẹ.
• A kò gbọdọ̀ ta tábà fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún 18.
• A kò gbọdọ̀ ta sìgá ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Páálí tí ó ní ogún, ó kéré tán, ni kí a tà.

Ẹ wo àwọn ìsọ̀ tó wà ní ẹ̀gbẹ́ títì wa. Ẹ wo ẹyọ sìgá tó wà nínú agolo lẹ́gbẹ̀ẹ́ súwíìtì ọmọdé. Ẹ ó rí i pé òfin wà lórí ìwé, kò tíì dé ojú pópó. A kò lè di gbogbo ẹ̀bi ru ọlọ́pàá. Nínú mọ́tò tí a wọ̀ lọ́jọ́ náà, ó dájú pé èyí tó pọ̀ jù nínú wa kò mọ̀ pé òfin wà.

3. Ṣé òfin yìí kò tẹ òmìnira ẹni mọ́lẹ̀?

Ìbéèrè yìí tọ́, kò sì yẹ kí a fi ìbínú dá a lóhùn. Òótọ́ ni pé Ọlọ́hun fún ènìyàn ní ẹ̀tọ́ láti yan ohun tí yóò ṣe. Òótọ́ náà ni pé ìjọba tó bá ń wọ yàrá kálukú láti wo ohun tó ń jẹ kì í ṣe ìjọba rere.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a wo ẹ̀tọ́ méjì tó pàdé nínú mọ́tò yẹn. Ọkùnrin náà fẹ́ mu sìgá. Ọmọ náà fẹ́ mí. Ẹni tó fẹ́ mu sìgá lè ní sùúrù títí yóò fi sọ̀kalẹ̀. Ẹni tó fẹ́ mí kò lè ní sùúrù dé iwájú. Kò sí ẹni tó lè sọ fún ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ pé kó dúró di Fìdítì. Níbi tí ẹ̀tọ́ méjì bá ti pàdé, èyí tó lè dúró ni kó yẹ̀ fún èyí tí kò lè dúró. Gbogbo ohun tí òfin yìí ń sọ nìyẹn. Kò sọ fún ọkùnrin náà pé kó má mu sìgá mọ́ láyé rẹ̀. Ibi tí kò gbọdọ̀ ti mu ún ló sọ.

Àwọn bàbá wa ti mọ èyí tipẹ́. Wọ́n ní bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, tí a kò bá sọ fún un, hẹ̀rẹ̀-huru rẹ̀ kò ní jẹ́ ká sùn lóru.

Àwọn kan ní, “Èéfín igi ìdáná ńkọ́? Jẹnẹrétọ̀ ńkọ́?” Àwọn náà ń ṣe ìpalára, ó sì yẹ kí a gbé ààrò kúrò lábẹ́ òrùlé, kí a sì gbé jẹnẹrétọ̀ jìnnà sí fèrèsé. Ìpalára kan kò sọ òmíràn di ẹ̀tọ́. Àwọn mìíràn ní, “Iṣẹ́ àwọn ará wa ńkọ́?” Òótọ́ ni pé àwọn àgbẹ̀ ń gbin tábà ní agbègbè Ìsẹ́yìn, àti pé ilé iṣẹ́ sìgá ńlá kan, British American Tobacco, ṣí ní Ìbàdàn wa yìí ní 2003. Ṣùgbọ́n òfin tó ní kí a má mu sìgá nínú ọkọ̀ èrò kò ti oko ẹnikẹ́ni pa. Nígbà tí ilẹ̀ Ireland di orílẹ̀-èdè àkọ́kọ́ tó lé sìgá kúrò ní gbogbo ibi iṣẹ́, títí kan ilé ọtí, ní oṣù kẹta 2004, àwọn ènìyàn ń jáde síta láti mu tiwọn. Ayé kò bàjẹ́.

4. Kí ni ẹ̀sìn wa kọ́ wa?

Tábà kò tíì dé ilẹ̀ Lárúbáwá nígbà ayé Ànábì wa Muhammad (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a). Nítorí náà àwọn onímímọ̀ yàn án yẹ̀ wò nígbà tó dé. Àwọn kan ní mákúrúù ni, ọ̀pọ̀ nínú àwọn ti òde òní sì ní haraamu ni. Ṣùgbọ́n lórí pípa ẹlòmíràn lára, kò sí àríyànjiyàn. Ànábì kọ́ wa pé Mùsùlùmí kò gbọdọ̀ fi ìnira kan ẹlòmíràn.

Ó ní kí ẹni tó bá jẹ áyù tàbí àlùbọ́sà tútù jìnnà sí mọ́sáláṣí, kí òórùn rẹ̀ má baà ni àwọn olùjọsìn lára. Áyù oúnjẹ ẹ̀tọ́ ni. Bí òórùn ohun ẹ̀tọ́ bá ní ààlà nítorí ará, kí ni ká sọ nípa èéfín tó ń fa jẹjẹrẹ?

Ó sì fi ọkọ̀ ojú omi ṣe àpèjúwe fún wa. Àwọn kan wà lókè, àwọn kan wà nísàlẹ̀. Àwọn tó wà nísàlẹ̀ ń gòkè lọ pọn omi, wọ́n wá ní kí àwọn dá ihò sí apá tiwọn kí àwọn má baà yọ ará òkè lẹ́nu. Bí ará òkè bá dákẹ́, gbogbo wọn ni yóò rì. Bí wọ́n bá dì wọ́n lọ́wọ́ mú, gbogbo wọn ni yóò là. Ẹ kíyè sí i pé àwọn tó fẹ́ dá ihò náà kò ní èrò búburú lọ́kàn, apá tiwọn ni wọ́n sì fẹ́ lu. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ kan ṣoṣo ni gbogbo wọn wà. Àwa tí a dákẹ́ nínú mọ́tò Fìdítì, ará òkè ni wá lọ́jọ́ náà.

5. Kí ni kí á ṣe?

Nínú ọkọ̀: Ẹ sọ̀rọ̀ kí ọmọ tó húkọ́. Ẹ fi ohùn pẹ̀lẹ́ sọ pé, “Ẹ jọ̀ọ́, òfin kò gbà á nínú ọkọ̀ èrò.” Awakọ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ sọ fún, torí òun ló ni àṣẹ ibẹ̀. Bí ẹnì kan bá sọ ọ́, kí àwọn yòókù gbè é lẹ́sẹ̀. Ẹ má bú u, ẹ má fọwọ́ kàn án. A kì í ṣe ọlọ́pàá.

Níbi àríyá: Bí a bá ń ṣe nìkáì, wàlímọ̀ tàbí ìsọmọlórúkọ, kí a ya ibì kan sọ́tọ̀ lóde gbangba, jìnnà sí àwọn ọmọdé. Ọjọ́ ìsọmọlórúkọ kọ́ ni ó yẹ kí ọmọ ọjọ́ mẹ́jọ mọ òórùn sìgá.

Nínú ilé: Òfin kò wọ ibẹ̀, àmọ́ àánú gbọ́dọ̀ wọ ibẹ̀. Bàbá àgbà kan wà ní Ìlọrà tí ọmọ-ọmọ rẹ̀ kì í yé wá gba oògùn ikọ́ fée. A bá Lèmọ́mù lọ kí i lẹ́yìn ìrun Àsárì. A kò ní kó jáwọ́. Ohun kan la bẹ̀ ẹ́ fún, pé kó má mu ún nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ mọ́. Ó ní, “Ẹ̀yin ọmọ yìí, ẹ fẹ́ lé mi kúrò nílé tí mo fọwọ́ ara mi kọ́?” A ní, “Rárá o, Bàbá, àga yín nìkan la fẹ́ gbé dé abẹ́ máńgòrò.” Ó rẹ́rìn-ín, ó sì gbà. Ikọ́ ọmọ náà kò tán pátápátá, torí ọyẹ́ ṣì máa ń gbé e dìde. Ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń wá báyìí.

Àwọn ọmọ: Ẹ má rán ọmọ lọ ra sìgá. Òfin lòdì sí i, ìrìn náà sì ni ọ̀pọ̀ fi kọ́ ọ.

Ẹni tó fẹ́ jáwọ́: Ẹ má tijú wá bá apoògùn tàbí dókítà. Oògùn wà tó ń dín ìfẹ́ tábà kù. Ìfẹ́ náà máa ń le fún ìṣẹ́jú díẹ̀ ni. Ẹ mu omi, ẹ rìn, ẹ ṣe àlùwàlá, yóò kọjá. Ẹ má fi ṣíṣà rọ́pò rẹ̀, torí èéfín tí ènìyàn ń fà níbi ṣíṣà wákàtí kan pọ̀ fíìfíì ju ti ẹyọ sìgá kan lọ. Ẹni tó ń gba ààwẹ̀ Rámádánì ń fi sìgá sílẹ̀ láti ìdájí títí di ìrọ̀lẹ́, fún odidi oṣù kan. Ta ló wá lè ní òun kò lè dúró láti Mọ́níyà dé Fìdítì?

Ìbéèrè fún ìjíròrò nínú ilé

1. Nínú àpèjúwe ọkọ̀ ojú omi, ta ni ó jẹ̀bi bí ọkọ̀ bá rì: ẹni tó dá ihò ni, tàbí ẹni tó dákẹ́?
2. Kí ni ìyàtọ̀ láàárín ẹ̀tọ́ tó lè dúró àti èyí tí kò lè dúró? Ẹ mú àpẹẹrẹ mìíràn wá láti àdúgbò yín, bí ariwo tàbí ilẹ̀ dídà.
3. Bí àlejò tí a bọ̀wọ̀ fún bá ṣáná sí sìgá nínú pálọ̀ wa, báwo ni a ó ṣe bá a sọ ọ́ tí a kò fi ní rí i fín?

Kí Ọlọ́hun Ọba fún àwọn tó ń gbìyànjú láti jáwọ́ ní agbára, kí Ó sì fún àwa yòókù ní ìgboyà láti sọ̀rọ̀ lásìkò. Àmín.