Àdá La Fi Ń Ṣá, Ọ̀kọ̀ La Fi Ń Gún

Eré kan wà tí àwọn ọ̀dọ́ ń ta lórí tábìlì káàkiri ayé, Dungeons & Dragons ni orúkọ rẹ̀. Gary Gygax àti Dave Arneson ló gbé e jáde ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1974. Ẹnu ni wọ́n fi ń ta á: oníkálukú á mú akọni kan, á máa sọ ohun tí akọni náà fẹ́ ṣe, dáìsì ni yóò sì sọ bóyá ó rí i ṣe. Lọ́dún 1975 ni ajẹ́jẹ̀ẹ́ anìkàngbé wọ inú eré náà, nínú ìwé àfikún tí wọ́n pè ní Blackmoor. Jagunjagun tí kì í wẹ̀wù irin ni. Ọwọ́ lásán àti ohun ìjà fúyẹ́fúyẹ́ ló fi ń jà.

Ẹni tó bá fẹ́ ṣàlàyé òfin ìjà ajẹ́jẹ̀ẹ́ yìí ní Yorùbá fún ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní Ọ̀wọ̀ tàbí ní Ifọ́n, ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó, yóò tètè rí i pé iṣẹ́ èdè ló dé. Gbólóhùn tó sábà máa ń kọ́kọ́ yọ lẹ́nu ọmọ iléèwé ni: "Ó kọlu ọ̀tá pẹ̀lú ọ̀kọ̀." Àbùkù méjì ló wà lára gbólóhùn náà.

Èkíní ni "pẹ̀lú". Ẹni tàbí ohun tó bá èèyàn rìn ni "pẹ̀lú" wà fún. "Ọdẹ náà dé pẹ̀lú ajá rẹ̀" tọ̀nà. Ṣùgbọ́n ohun tí ọwọ́ ń lò, "fi" ni Yorùbá ń pè sí i. Ẹ gbọ́ òwe: idà ahun la fi ń pa ahun, ọwọ́ ẹni la fi ń tún ìwà ara ẹni ṣe, a kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé baba ẹni. Bí a bá yọ "fi" kúrò nínú ọ̀kankan wọn, tí a ki "pẹ̀lú" bọ̀ ọ́, òwe náà bàjẹ́.

Ọ̀nà kejì tún wà, òun ni àwọn àgbà fẹ́ràn jù nígbà tí ọ̀rọ̀ bá di ìjà. Ẹni tí wọ́n ṣe ní nǹkan á ṣáájú, "ní" á tẹ̀lé e, ohun ìjà á kẹ́yìn: ó ṣá a ládàá, ó gún un lọ́bẹ, ó ta á lọ́fà, ó nà án lẹ́gba, ó sọ ọ́ lókò. Gbólóhùn kúkúrú ni gbogbo wọn, kò sì sí ẹni tó máa béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀.

Àbùkù kejì ni "kọlù". Ọ̀rọ̀ gidi ni, kò sí ẹ̀sùn lọ́rùn rẹ̀. Ogun lè kọlu ìlú, ọkọ̀ lè kọlu ọkọ̀. Ṣùgbọ́n kò sọ bí ọwọ́ ṣe lọ tàbí irú ọgbẹ́ tó dá sílẹ̀. Ohun ìjà kọ̀ọ̀kan ló ní ọ̀rọ̀ ìṣe tirẹ̀, ẹni tó bá gbé e fún òmíràn ti ṣì í sọ. Tafàtafà ni ẹni tó ń ta ọfà. Kò sí ẹni tó ń pè é ní ajufà. Kódà nínú oko kòkó ní Ìpèlé nítòsí Ọ̀wọ̀, àdá kan náà ń gba ọ̀rọ̀ mẹ́ta: igbó ni àgbẹ̀ ń ṣán, ẹ̀ka igi ni ó ń gé, ejò tó bá yọ sí i ni yóò ṣá.

Ibí yìí gan-an ni òfin eré náà ti bá Yorùbá mu. Ọ̀nà mẹ́ta ni ìwé òfin pín ọgbẹ́ ohun ìjà sí, ọ̀rọ̀ ìṣe mẹ́ta sì ti wà nílẹ̀ fún wọn láti ìgbà ìwáṣẹ̀: lù, gún, ṣá. Nínú ìwé ọdún 2014, ohun ìjà ajẹ́jẹ̀ẹ́ ni idà kúkúrú àti àwọn ohun ìjà ìfojúkojú tí kò ṣòro lò, bí kò bá ti wúwo jù, tí kò sì jẹ́ dandan kí ọwọ́ méjì gbé e. Kóńdó àti ọ̀pá wà níbẹ̀. Lílù ni tiwọn. Ọ̀kọ̀ àti ọ̀bẹ aṣóró wà níbẹ̀. Gígún ni tiwọn. Àáké kékeré àti dòjé ni ó ń ṣá. Ẹ fojú sí idà kúkúrú: nínú eré yìí, gígún ni ó ń gún, kì í ṣá. Nítorí náà, "ó gún un nídà" ni a ó sọ.

Ti ọwọ́ lásán ló tún lárinrin jù. "Ọwọ́ lásán" ni kí a wí, kì í ṣe "ọwọ́ òfo", nítorí ẹni tó lọ ọjà tí kò rí nǹkan rà ló ń bọ̀ lọ́wọ́ òfo. Ajẹ́jẹ̀ẹ́ lè kan ọ̀tá lẹ́ṣẹ̀ẹ́, ó lè gbá a létí, ó lè ta á nípàá, ó sì lè fi orí kàn án. Lórí dáìsì, ẹ̀ṣẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti olójú mẹ́rin nínú ìwé ọdún 2014, ó sì ń ga títí dé olójú mẹ́wàá ní ìpele 17. Àtúnṣe ọdún 2024 ti gbé ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ sí olójú mẹ́fà.

Àwọn ará Ọ̀wọ̀ ní ohun tí wọ́n lè fi kún ẹ̀kọ́ yìí. Ọ̀ghọ̀ ni onílé ń pe ìlú náà, ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ tí Yorùbá àjùmọ̀lò sì fi "i" bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n ń fi "u" bẹ̀rẹ̀. Ilé di ulé, igbó di ugbó. Ibi tí Ekpo Eyo, onímọ̀ ìwalẹ̀pìtàn, ti walẹ̀ lọ́dún 1971 tó sì hú àwọn ère amọ̀ jáde, Igbó Lájà nínú ìwé, Ugbó Lájà ni lẹ́nu onílé. Bẹ́ẹ̀ ni idà ṣe di udà, tí udàmalóre sì jẹ́ orúkọ idà oyè àwọn ìjòyè ńlá. Wọ́n fi eyín erin gbẹ́ àwọn kan lára rẹ̀. Ohun ẹ̀yẹ ni, nítorí náà ọ̀rọ̀ ìṣe rẹ̀ yàtọ̀. Wọn kì í fi udàmalóre ṣá èèyàn, ìbàdí ni wọ́n ń gbé e kọ́.

Òfin ìjà ajẹ́jẹ̀ẹ́ láti inú ìwé ọdún 2014 wá rèé ní Yorùbá tó já gaara: "Bí ajẹ́jẹ̀ẹ́ bá gún ọ̀tá lọ́kọ̀, tàbí tó lù ú lọ́pàá, nígbà tí eré yí kàn án, ó láyè láti fi ẹ̀ṣẹ́ kan lé e." Kí olùkọ́ èdè ní Ọ̀wọ̀ àti ní ìjọba ìbílẹ̀ Ọ̀sẹ́ fún akẹ́kọ̀ọ́ ní irú gbólóhùn bẹ́ẹ̀ ṣe iṣẹ́ àmúrelé. Ẹni tó bá sì kọ "ó ṣá a pẹ̀lú àdá" wá, kí wọ́n ní kó tún un kọ.