Ike, Oògùn Oko àti Oyún Tí Kò Dúró

Ìbànújẹ́ ńlá ni fún obìnrin tí ó ti ń wá ọmọ fún ọdún pípẹ́ bí oyún rẹ̀ bá wálẹ̀. Ojú àánú ni ó yẹ kí a fi wò ó, nítorí pé lọ́pọ̀ ìgbà ọlẹ̀ tí kò pé láti ìpilẹ̀ṣẹ̀ ni ó ń fa irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Kì í ṣe ẹ̀bi ìyá, kì í sì í ṣe iṣẹ́ ọ̀tá ilé. Ṣùgbọ́n àwọn onímọ̀ ti ń wádìí ohun mìíràn tí ó lè ní ọwọ́ nínú rẹ̀, èyíinì ni kẹ́míkà tí ó wà nínú ohun èlò ojoojúmọ́.

Ní ọdún 2004, àwọn onímọ̀ Yunifásítì Harvard bẹ̀rẹ̀ ìwádìí kan láàrin àwọn tọkọtaya tí wọ́n ń gba ìtọ́jú àìrọ́mọbí ní ilé ìwòsàn Massachusetts General Hospital, ní ìlú Boston, ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Ìdí tí wọ́n fi yan irú àwọn wọ̀nyí kò ṣòro láti mọ̀. Ọ̀pọ̀ oyún ni ó máa ń bàjẹ́ kí obìnrin tó mọ̀ pé òun lóyún. Yóò kàn rò pé nǹkan oṣù òun pẹ́ díẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n níbi tí a bá ti so ẹyin obìnrin pọ̀ mọ́ àtọ̀ ọkùnrin ní òde ara, oníṣègùn mọ ọjọ́ tí ó gbé ọlẹ̀ sí inú ìyá, yóò sì yẹ ẹ̀jẹ̀ ìyá wò ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà. Oyún tí kò lò ju ọjọ́ díẹ̀ lọ kò lè pamọ́ fún un.

Ọ̀kan nínú àwọn kẹ́míkà náà ni DEHP, tí a fi ń sọ ike líle di rírọ̀. Kì í dúró sójú kan nínú ike. Ó máa ń yọ́ wọ inú oúnjẹ, pàápàá oúnjẹ ọlọ́ràá àti èyí tí ó gbóná. Ara a máa tọ̀ ọ́ dànù kíákíá, nítorí náà ni wọ́n ṣe wọ̀n ọ́n nínú ìtọ̀. Nínú ìròyìn ọdún 2016, obìnrin 256 ni ó lóyún ìgbà 303. 83 nínú oyún náà ni ó bàjẹ́ kí ó tó pé ogún ọ̀sẹ̀. Oyún àwọn tí DEHP pọ̀ jù nínú ìtọ̀ wọn ni ó ń bàjẹ́ jù, pàápàá ní ọjọ́ àkọ́kọ́ gan-an.

Ìròyìn mìíràn, ti ọdún 2018, dá lórí obìnrin 325 àti oúnjẹ wọn. Àwọn tí wọ́n ń jẹ púpọ̀ nínú èso àti ẹ̀fọ́ tí oògùn apakòkòrò pọ̀ lára rẹ̀, irú bí strawberry àti spinach, kò bímọ tó àwọn tí wọ́n ń jẹ díẹ̀ nínú rẹ̀. Àlùbọ́sà àti píà, tí oògùn kò pọ̀ lára wọn, kò ṣe irú ìpalára bẹ́ẹ̀. Nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má ṣe kọ ẹ̀fọ́ sílẹ̀.

Ìwádìí wọ̀nyí kò tí ì fi hàn dájú pé kẹ́míkà náà gan-an ni ó ba oyún jẹ́, nítorí ohun mìíràn lè máa bá a rìn. Síbẹ̀ ìṣọ́ra kò gba owó. A lè bu ọbẹ̀ gbígbóná sínú àwo amọ̀ tàbí tánganran dípò ike, kí a sì fi omi púpọ̀ fọ ẹ̀fọ́. Ní abúlé kòkó, kí aboyún àti ẹni tí ń wá ọmọ jìnnà sí ibi tí a ti ń fọ́n oògùn, kí ẹnikẹ́ni má sì fi agolo oògùn pọn omi mímu. Aṣọ tí ọkọ wọ̀ lọ fọ́n oògùn, òun fúnra rẹ̀ ni kí ó fọ̀ ọ́, lọ́tọ̀ sí ti ará ilé.