"Ó Rẹwà" Nìkan Kò Tó
Ẹ̀yin ọmọ mi tí ẹ ń ya àwòrán òkè àti odò, ẹ yé fi "ó rẹwà" nìkan dá ara yín lóhùn. Ẹni tó ya Òkè Ìdànrè lọ́sàn-án gangan, tí oòrùn ti fọ ojú àpáta funfun báláú, ìyìn kò lè kọ́ ọ ní nǹkan kan. Ẹ ní kó padà lọ ní kùtùkùtù, nígbà tí òjìji ṣì gùn lára àpáta. Ẹ lè ní àríwísí máa ń ba ọkàn jẹ́. Èébú ló ń bà á jẹ́, kì í ṣe àlàyé. Ọ̀gá ayàwòrán pàápàá ń tún iṣẹ́ rẹ̀ ṣe: Ansel Adams, tó ń fi kámẹ́rà ya àwòrán, ya òṣùpá lókè abúlé Hernandez ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1941, síbẹ̀ ọ̀pọ̀ ọdún ló fi ń tún àwòrán kan ṣoṣo yẹn tẹ̀, tó ń mú ojú ọ̀run rẹ̀ dúdú sí i. Nítorí náà, ẹ fi ìka tọ́ka sí ibi tó kù díẹ̀ káàtó gan-an: bí àpẹẹrẹ, wáyà iná tó yọjú ní igun ọ̀tún àwòrán.