Pẹ́pẹ́yẹ Tí Ó Já Sínú Omi: Ẹ̀kọ́ Lórí Ọdẹ Ṣíṣe

Ọpẹ́ ni fún Allāhu, Ọba tí ó dá ẹran orí ilẹ̀ àti ẹyẹ ojú ọ̀run. Kí ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ máa bá Ànábì wa Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀ àti àwọn Sàábé rẹ̀.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ Mùsùlùmí lọ́kùnrin àti lóbìnrin, ó lè ya yín lẹ́nu pé ọdẹ ṣíṣe ni a mú wá fún ẹ̀kọ́ oṣù yìí. Ta ni ó ń ṣọdẹ ní Ajégúnlẹ̀? Irà ti di ilé, fèrè ọkọ̀ ojú omi ni a sì ń gbọ́ láti Àpápá, kì í ṣe ohùn ẹyẹ. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú yín ni ó ń lọ lo ìsinmi lọ́dọ̀ bàbá àgbà ní abúlé, níbi tí ìbọn ṣakabùlà ṣì wà lára ògiri. Àwọn àbúrò yín ń fi rọ́bà tí wọ́n so mọ́ igi tí ó ya sí méjì ta ẹyẹ. Ẹran ìgbẹ́ sì ń wọ ìkòkò ọbẹ̀ wa. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ yìí kàn wá.

Nígbà tí ọyẹ́ bá ń fẹ́ níhìn-ín, òtútù ti mú ilẹ̀ Yúróòpù àti Rọ́ṣíà, yìnyín sì ti bo ọ̀pọ̀ odò ibẹ̀ lójú. Àwọn pẹ́pẹ́yẹ ìgbẹ́ kan á gbéra, wọ́n á ré aṣálẹ̀ Sàhárà kọjá wá sí Òkè Ọya: sí adágún Chad, àti sí irà Hadejia àti Nguru ní ìpínlẹ̀ Jigawa àti Yobe. Wọ́n á bá pẹ́pẹ́yẹ ilẹ̀ Áfíríkà tiwa níbẹ̀, èyí tí ń súfèé bí ó ti ń fò. Ní ọdún 2000 ni wọ́n fi adágún Nguru sínú ìwé àdéhùn Ramsar tí ó wà fún ààbò irú ibi bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n omi ti dín kù níbẹ̀ láti ìgbà tí ìjọba ti sé odò tí ń ṣàn wá síbẹ̀, ní Tiga ní 1974 àti ní Challawa Gorge ní 1992. Bí omi bá dín kù, ẹyẹ á kó jọ sójú kan, pípa wọn á sì rọrùn.

Ọdẹ tí ó mọṣẹ́ mọ̀ pé ojú afẹ́fẹ́ ni pẹ́pẹ́yẹ máa ń kọ bí ó bá fẹ́ bà. Nítorí náà ó ń jókòó kí afẹ́fẹ́ wà lẹ́yìn òun, kí ẹyẹ lè máa bọ̀ wá bá a. Ó mọ̀ pé bí ó bá ti tó nǹkan bí 40 mítà sí òun, kí òun má yìnbọn, torí ọta á kàn ṣe é léṣe ni, yóò sì lọ kú sínú koríko níbi tí ẹnikẹ́ni kò ní rí i. Ó mọ̀ pé àfẹ̀mọ́júmọ́ ni ẹyẹ ń gbéra. (Àfẹ̀mọ́júmọ́ náà ni àsìkò ìrun Súbùhì, ẹ ṣàkíyèsí. Hàdíìsì kan wà nínú ìwé Abū Dāwūd àti Tirmidhī tí ó kìlọ̀ pé ẹni tí ó bá ń lépa ẹran kiri yóò di onígbàgbé.) Gbogbo èyí ni bàbá fi ń kọ́ ọmọ. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan wà tí ọ̀pọ̀ bàbá kì í kọ́ ọmọ: o yìnbọn, ẹyẹ já sínú omi, ìgbà tí o máa fi wọ́ omi débẹ̀ ó ti kú. Ṣé o lè jẹ ẹ́?

Àwọn kan á ní kí ló burú, ṣebí ẹran omi ni, bí ẹja ni. Rárá o. Pẹ́pẹ́yẹ ń wẹ̀ lómi, ó ń jẹun lómi, ṣùgbọ́n orí ilẹ̀ ni ó ń yé sí, orí ilẹ̀ ni ó ń pamọ sí. Ohun tí ọ̀pọ̀ onímọ̀ fi kà á sí ẹran ilẹ̀ nìyẹn. Ẹni tí ó wọ ìhùrámù Háájì kò gbọ́dọ̀ pa á, òkú rẹ̀ kò sì dà bí òkú ẹja.

Ẹni tí ó bá wa béèrè ọ̀rọ̀ yìí dáadáa ni Adiyy ọmọ Hātim, ará Tayyi. Ọdẹ ni, ó ní ajá, ó sì bi Ànábì ní ìbéèrè lóríṣiríṣi. Bukhārī àti Muslim gba ìdáhùn náà wá. Kó ní: bí o bá dárúkọ Allāhu nígbà tí o ń ta ọfà, tí ẹnu ọfà sì gún ẹran, jẹ ẹ́. Bí ó bá jẹ́ pé ẹ̀gbẹ́ igi ni ó lù ú pa, má jẹ ẹ́, torí ẹran tí a lù pa ni, ó sì wà nínú ohun tí Súrà al-Māʼida, áyà 3, ṣe ní haráàmù. Bí o bá sì bá a tí ó ti rì sínú omi, má jẹ ẹ́, nítorí ìwọ kò mọ̀ bóyá ọfà rẹ ni ó pa á tàbí omi.

Ìwọ kò mọ̀. Orí rẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ náà dúró lé. Nítorí èyí ni ọ̀pọ̀ onímọ̀, títí kan Ìmáàmù Màlíkì, fi sọ pé bí ó bá hàn kedere pé ọta ti ṣe é ní ọgbẹ́ tí kò lè là á já kí ó tó kan omi, bí ẹni pé orí rẹ̀ ti já, kò sí iyèméjì mọ́, kí o jẹ ẹ́. Bí o bá sì bá a láàyè, mú ọ̀bẹ, ṣe Bísímílà, kí o dú u.

Ní ti rọ́bà àwọn ọmọdé, òkúta kì í gúnni, ṣe ni ó ń lu nǹkan pa. Ẹyẹ tí ó bá kú nípa rẹ̀ òkú ẹran ni, àfi bí wọ́n bá bá a láàyè tí wọ́n dú u. Ní ti ìbọn, ó dé lẹ́yìn àkókò àwọn Sàábé, àwọn onímọ̀ sì jiyàn lé e. Nínú mádíhábì Màlíkì tí àwa Yorùbá ń tẹ̀lé, àwọn onímọ̀ ìkẹyìn bíi ad-Dardīr gbà pé ohun tí ọta òjé bá pa haláàlù ni.

Ẹ tún wo áyà 4 nínú Súrà kan náà. Ẹran tí ajá bá mú wá haláàlù ni bí a bá ti kọ́ ajá náà nínú ohun tí Allāhu fi mọ̀ wá. Ajá tí a kò kọ́, tirẹ̀ yàtọ̀. Bí ẹ̀kọ́ bá ń ya ajá kan sọ́tọ̀ kúrò lára èkejì, báwo ni a ṣe máa gbé ìbọn lé ọmọ ọdún mẹ́rìnlá lọ́wọ́ láìkọ́ ọ?

Ní Amẹ́ríkà, láti ọdún 1996, wọ́n ń ya ọjọ́ bíi mélòó kan sọ́tọ̀ lọ́dọọdún fún àwọn ọmọdé láti ṣọdẹ pẹ́pẹ́yẹ. Àgbàlagbà gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé wọn, ṣùgbọ́n òun fúnra rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ yìnbọn sí pẹ́pẹ́yẹ kankan lọ́jọ́ náà. Mo fẹ́ràn òfin yìí púpọ̀. Ojú àgbà á wà lára ọmọ, kì í ṣe lára ẹyẹ. Láti 1991 ni wọ́n sì ti fòfin de ọta òjé fún ọdẹ pẹ́pẹ́yẹ níbẹ̀, torí ẹyẹ ń gbé èyí tí ó bọ́ sílẹ̀ mì bí òkúta wẹ́wẹ́, májèlé rẹ̀ sì ń pa wọ́n.

Nínú ohun tí a bá lọ́wọ́ àwọn baba wa, ẹ gba ìmọ̀ ipa ẹsẹ̀ ẹran, ti afẹ́fẹ́ àti ti sùúrù. Ẹbọ Ògún, ẹ fi í sílẹ̀: ohun tí a bá pa ní orúkọ ẹlòmíràn wà nínú áyà 3 náà. Ẹ má sì fi ẹ̀mí ṣeré. Abdullāhi ọmọ Umar bá àwọn ọ̀dọ́ Kùráéṣì kan níbi tí wọ́n ti so ẹyẹ mọ́lẹ̀, tí wọ́n ń fi ọfà díje lé e lórí. Bí wọ́n ti rí i ni wọ́n túká. Ó sì sọ pé Ànábì ti ṣẹ́bi lé ẹni tí ó bá fi ohun ẹlẹ́mìí ṣe àmì ìtafà.

Ẹyẹ tí ẹ bá rí tí ó ti kú fúnra rẹ̀ létí omi, ẹ má fọwọ́ kàn án. Oṣù kejì ọdún 2006 ni wọ́n kọ́kọ́ rí àrùn ẹyẹ H5N1 nílẹ̀ Áfíríkà, ní oko adìyẹ kan ní ìpínlẹ̀ Kaduna, àwọn ẹyẹ omi sì wà lára ohun tí ń gbé e kiri.

Ẹ̀yin arábìnrin, ẹ má ṣe rò pé ọ̀bẹ kò kàn yín. Ọmọbìnrin kan tí ń da àgùntàn Kaʻb ọmọ Mālik lórí òkè Salʻ rí i pé ọ̀kan ń kú lọ, ó fọ́ òkúta, ó fi dú u, Ànábì sì ní kí wọ́n jẹ ẹ́. Nígbà tí ẹ bá sì wà lọ́jà, kò pọn dandan kí ẹ máa fi ìbéèrè há Mùsùlùmí tí ń ta ẹran lọ́fun. Àìṣá gba á wá pé wọ́n bi Ànábì nípa ẹran tí àwọn ẹni tuntun nínú ẹ̀sìn gbé wá, tí a kò mọ̀ bóyá wọ́n dárúkọ Allāhu sí i. Ó ní kí wọ́n dárúkọ Rẹ̀ kí wọ́n sì jẹ ẹ́. Ṣùgbọ́n bí olùtà bá fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé òkú ni òun yọ ọ́ nínú omi, tí kò sì mọ ohun tí ó pa á, ẹ dá a padà fún un.