Ṣé Kílọ́ọ̀ṣì Ni Àbí Gíábọ́ọ̀sì? Ẹ̀kọ́ fún Ẹni Tó Ní Ọkọ̀ Akẹ́rù

Ẹ̀kọ́ oṣù yìí kì í ṣe ti ìwé owó bí a ti ń ṣe é tẹ́lẹ̀. Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ni, ṣùgbọ́n bí ẹ bá fara balẹ̀ kà á, ẹ óò rí i pé ọ̀rọ̀ owó náà kúkú ni.

Ohun tó fà á nìyí. Ìyá kan láàrin wa tó ń fi fárágọ́n kó gàrí láti Àwẹ́ lọ sí Bódìjà ní Ìbàdàn wá bá wa fún ẹ̀yáwó. Ọkọ̀ dúró mọ́ wọn lọ́wọ́ nígbà tí wọ́n kọjá Fìdítì, gíà ò wọlé mọ́, wọ́n sì ní láti háyà ọkọ̀ mìíràn kó ẹrù. Mẹkáníìkì tó yẹ̀ ẹ́ wò sọ pé gíábọ́ọ̀sì ti kú, kí wọ́n lọ ra tòkunbọ̀. Onídùúró méjì ti fọwọ́ síwèé. Ọ̀kan nínú wa ló ṣáà béèrè pé, "Ìyá, bí ẹ bá pa ẹ́ńjìnnì, ṣé gíà ń wọlé?" Wọ́n ní ó ń wọlé wẹ́rẹ́, láti ìkíní dé ìkẹrin. Ìdáhùn yẹn ló jẹ́ ká ní kí wọ́n dúró ná. Nígbà tí a dé ìdí ọkọ̀, róbà kékeré kan nínú sílíńdà kílọ́ọ̀ṣì ló jẹ, tí epo ń jò gba ibẹ̀. Owó rẹ̀ kì í ṣe irú èyí tí èèyàn ń wá onídùúró sí.

Ẹ jẹ́ ká wo bí nǹkan náà ṣe ń ṣiṣẹ́. Bí ẹ́ńjìnnì bá ti dáná, kì í dúró, yíyí ló ń yí. Taya ní tirẹ̀ gbọ́dọ̀ lè dúró. Kílọ́ọ̀ṣì ló wà láàrin àwọn méjèèjì, òun ló ń so wọ́n pọ̀, òun ló sì ń tú wọn. Irin ńlá rìbìtì kan wà lára ẹ́ńjìnnì, fláíwíìlì ni wọ́n ń pè é. Díísìkì pẹlẹbẹ tó ní awọ líle lójú méjèèjì ló kàn án. Lẹ́yìn díísìkì ni irin onísípíríǹgì tí àwọn mẹkáníìkì ń pè ní pressure plate, tó ń fún díísìkì mọ́ fláíwíìlì bí ìgbà tí èèyàn fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì mú nǹkan gírígírí. Bí ẹ bá tẹ kílọ́ọ̀ṣì, béárìn kan á ti sípíríǹgì yẹn, àtẹ́lẹwọ́ á ṣí, díísìkì á bọ́. Ìgbà yẹn nìkan ni gíà ń ráyè wọlé láìjà.

Nítorí náà, àrùn méjì ló sábà máa ń ṣe kílọ́ọ̀ṣì: kò dì mú mọ́, tàbí kò tú mọ́.

Bí kò bá dì mú, ẹ óò gbọ́ tí ẹ́ńjìnnì ń ké, ọkọ̀ ò sì ní yára, pàápàá bí ẹrù bá wúwo tí ẹ ń gun òkè. Ẹ óò tún gbọ́ òórùn nǹkan tó ń jóná. Bí a ṣe ń dán an wò: ẹ gbé ọkọ̀ sórí ilẹ̀ títẹ́jú, kí ẹnikẹ́ni má dúró níwájú tàbí lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ fa bíréèkì ọwọ́ dáadáa, ẹ kó o sí gíà kẹta, ẹ fún un níná díẹ̀, kí ẹ wá rọra tú ẹsẹ̀ lórí kílọ́ọ̀ṣì. Ó yẹ kí ẹ́ńjìnnì kú lójú ẹsẹ̀. Bí kò bá kú, díísìkì ti jẹ tàbí ọ́ìlì ti dà sí i. Ẹ má dán an wò lẹ́ẹ̀mejì o, ẹ óò sun ìyókù.

Bí kò bá tú, ti ìyá wa nìyẹn: gíà á máa ké bí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́, rìfáàsì á tilẹ̀ ké jù, ṣùgbọ́n bí ẹ bá pa ẹ́ńjìnnì, gbogbo rẹ̀ á wọlé. Kí ẹ tó sọ̀rọ̀ gíábọ́ọ̀sì, ẹ wo epo. Nínú fárágọ́n, kílọ́ọ̀ṣì àti bíréèkì jọ ń mu epo nínú ìkòkò kan ṣoṣo lẹ́yìn dáṣíbọ́ọ̀dù ni. Bí epo bíréèkì bá ń lọ sílẹ̀ tí ẹ ò rí ibi tó ń jò lẹ́sẹ̀ taya, ẹ lọ wo sílíńdà kílọ́ọ̀ṣì méjèèjì, ti iwájú àti ti ẹ̀yìn. Lẹ́yìn àtúnṣe, wọ́n gbọ́dọ̀ yọ afẹ́fẹ́ kúrò: ẹnì kan ń tẹ̀, ẹnì kejì ń tú nọ́ọ̀tì. Kọ́ńbì àtijọ́ kò ní epo kílọ́ọ̀ṣì rárá, wáyà ni, fífún un lásán sì lè tó.

Ohun mìíràn tó ń tan èèyàn jẹ ni pé gíábọ́ọ̀sì fárágọ́n wà lẹ́yìn, ọ̀pá gíà sì wà níwájú. Irin gígùn ló so wọ́n pọ̀, ó sì ní róbà láwọn oríkèé. Bí róbà yìí bá jẹ, ọ̀pá gíà á máa ṣe jẹ́lẹ́jẹ́lẹ́ bí orógùn nínú àmàlà tó rọ̀ jù, ẹ ò ní mọ ibi tí gíà kejì wà.

Ìgbà wo wá ni gíábọ́ọ̀sì fúnra rẹ̀? Bí gíà kan bá ń já jáde fúnra rẹ̀, tàbí tó jẹ́ gíà kan ṣoṣo ló ń ké tí ìyókù dára. Ẹ tún fetí sílẹ̀: ariwo tó wà nígbà tí ọkọ̀ wà ní nútírà, tó sì dákẹ́ bí ẹ bá tẹ kílọ́ọ̀ṣì, inú gíábọ́ọ̀sì ló ti ń wá. Èyí tó jẹ́ pé ìgbà tí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ ló ń bẹ̀rẹ̀, béárìn kílọ́ọ̀ṣì ni. Ẹ ní kí wọ́n tú nọ́ọ̀tì ẹ̀gbẹ́ gíábọ́ọ̀sì wò lójú yín. Ó yẹ kí ọ́ìlì dé etí ihò náà. Lúlúbú irin díẹ̀ nínú ọ́ìlì kò burú. Eyín irin ló burú.

Bó bá di dandan láti tú u, ẹ rántí pé àtisọ ẹ́ńjìnnì tàbí gíábọ́ọ̀sì kalẹ̀ ni iṣẹ́ ńlá ibẹ̀. Ẹ pààrọ̀ díísìkì, pressure plate àti béárìn lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọn kan ń lẹ awọ tuntun mọ́ díísìkì àtijọ́. A kò ní bú wọn, àwa náà ti ṣe é rí nígbà tí owó há. Ṣùgbọ́n fún ọkọ̀ tó ń ru gàrí lọ sí Ìbàdàn, a ò gbà yín nímọ̀ràn rẹ̀. Síìlì ọ́ìlì tó wà lẹ́yìn fláíwíìlì ńkọ́? Lọ́dún kan, a fi èyí tó ń jò sílẹ̀ nítorí àtidín owó kù. Kò pé oṣù mẹ́ta tí ọ́ìlì fi ba díísìkì tuntun jẹ́, la bá tún san owó iṣẹ́ lẹ́ẹ̀kejì. Bí ojú fláíwíìlì bá là tàbí tó dúdú níbi tó ti gbóná jù, ẹ gbé e lọ fún oníléètì kó yẹ̀ ẹ́ wò.

Kí ẹ dúró ti iṣẹ́ náà. Jáàkì nìkan kò gbọ́dọ̀ gbé ọkọ̀ dúró lórí ẹni tó wà nísàlẹ̀. Kí wọ́n má fẹnu fẹ́ eruku díísìkì àtijọ́, nítorí asbestos lè wà nínú rẹ̀, ó sì ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́. Àkísà tútù ni kí wọ́n fi nù ún. Kí gíábọ́ọ̀sì má fi gbogbo ìwúwo rẹ̀ rọ̀ mọ́ díísìkì nígbà tí wọ́n bá ń ti í wọlé, yóò tẹ̀ ẹ́ wọ́. Kí wọ́n fún bọ́ọ̀tì pressure plate díẹ̀díẹ̀, láti ẹ̀gbẹ́ kan sí òdìkejì. Kí ọwọ́ ọ̀rá má kan awọ díísìkì.

Jámánì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe fárágọ́n ní 1979, òmíràn sì rọ́pò rẹ̀ ní 1990, nítorí náà ọ̀pọ̀ ẹ̀yà rẹ̀ tí ẹ óò rí ní Géètì, Ìbàdàn, tòkunbọ̀ ni. Ẹ gbé díísìkì àtijọ́ dání lọ, ẹ fi wọn tuntun, ẹ sì ka eyín àárín rẹ̀ kí ẹ tó sanwó.

Ẹ kìlọ̀ fún dírẹ́bà kó má máa gbé ẹsẹ̀ lé kílọ́ọ̀ṣì lójú ọ̀nà, kó má sì fi í dá ọkọ̀ dúró lórí òkè dípò bíréèkì.

Ẹni tó bá fẹ́ yá owó àtúnṣe ọkọ̀ láti ìsinsìnyí, kó mú irin tí wọ́n yọ àti rìsíìtì wá síwájú ìgbìmọ̀. Díísìkì tí ọ́ìlì bàjẹ́ lọ́wọ́ wa wà lórí tábìlì akọ̀wé, ẹ wò ó bí ẹ bá wá sípàdé.