Igba Ojú Ní Ń Tọ́ Ọmọ

Ojú mẹ́rin ní ń bímọ, igba ojú ní ń tọ́ ọ. Bí a bá ka igba ojú náà ní àdúgbò wa lónìí, ti ìjọ Kristi kò ní kéré níbẹ̀, nítorí agbára káká ni a ó fi rí òpópónà tí kò ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹ̀yìn ọgbà ọ̀pọ̀ nínú wọn sì ni ilé-ìwé ìjọba wà, tí páànù orí rẹ̀ ti ṣí, tí àwọn ọmọ ń jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ kọ̀wé. Ẹ̀yin ará ìjọ, ẹ jẹ́ kí á wo ẹ̀yìn ọgbà yẹn.

Iṣẹ́ kíkọ́ ọmọ níwèé kì í ṣe àjèjì sí wa. Ní Badagry, ní 1843, àwọn ará Mẹ́tọ́díìsì ti ń kọ́ ọmọ níwèé kí ìjọba òyìnbó tó dé Èkó rárá. Ní 1859 ni Thomas Babington Macaulay, ọkọ ọmọ Àjàyí Crowther, dá CMS Grammar School sílẹ̀ ní Èkó. St. Andrew's College ní Ọ̀yọ́ bẹ̀rẹ̀ ní 1896, ó ń kọ́ tíṣà, ó ń kọ́ oníṣẹ́ Ọlọ́run. Láyé ìgbà náà, ọkùnrin tó mú ṣọ́ọ̀kì lọ́wọ́ lọ́jọ́ Ajé lè jẹ́ ẹni tí yóò wàásù lọ́jọ́ Ìsinmi. Owó òyìnbó nìkan kọ́ ló gbé ilé-ìwé inú abúlé ró. Àwọn ìyá wa pọnmi, wọ́n ru iyanrìn. Àwọn bàbá gé igi àjà, wọ́n bù nínú owó kòkó. Nígbà tí ìjọba Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ sọ ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ di ọ̀fẹ́ ní ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà ní oṣù kìíní ọdún 1955, tí iye ọmọ ilé-ìwé lé ní 800,000, ilé-ìwé ìjọ gba púpọ̀ nínú wọn.

Ìjọba gba ilé-ìwé lọ́wọ́ ìjọ láàárín ọdún 1970 sí 1979. Láti ìgbà náà ni ọ̀pọ̀ ìjọ kò ti fi ẹsẹ̀ kan ilé-ìwé tí àwọn baba wọn kọ́ mọ́. Ìpínlẹ̀ Èkó dá àwọn kan padà ní 2001, ṣùgbọ́n owó ilé-ìwé bá wọn padà wọlé, ọmọ tí òbí rẹ̀ kò rí i san sì ní láti wábi gbà. Àwọn ìjọ tún dá yunifásítì sílẹ̀: Babcock, Bowen, Covenant, Ajayi Crowther. Iṣẹ́ ńlá ni, mi ò kẹ́gàn rẹ̀. Àmọ́ ìyá tó ń ta ẹ̀kọ lẹ́bàá ọ̀nà, tó sì ń san ìdámẹ́wàá déédéé, mọ̀ pé ọmọ òun kò lè débẹ̀. Bí gbogbo agbára wa bá lọ síbẹ̀, tí ọmọ ẹ̀yìn ọgbà kò rí bẹ́ǹṣì jókòó lé, a fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, a ń pa làpálàpá.

Kí ìjọ kọ́kọ́ bèèrè ohun tí ilé-ìwé náà nílò. Kí àgbà ìjọ méjì tàbí mẹ́ta lọ kí ọ̀gá ilé-ìwé, kí wọ́n bá ẹgbẹ́ òbí àti olùkọ́ jókòó, kí wọ́n wo ilé ìyàgbẹ́ kí wọ́n tó wo ohunkóhun mìíràn. Ìjọ mìíràn á kun géètì, á kọ orúkọ ara rẹ̀ sí i gàdàgbà, nígbà tí kò sí omi tí ọmọbìnrin tó ń ṣe nǹkan oṣù lè fi fọwọ́. Ọmọ bẹ́ẹ̀ á jókòó sílé, ẹ̀kọ́ á sì máa kọjá lórí rẹ̀ lóṣooṣù. Ilé ìyàgbẹ́ tó ní ilẹ̀kùn, omi, àti páàdì lọ́wọ́ tíṣà obìnrin kan yóò ṣe é lóore ju géètì lọ.

Owó ìdánwò ló tẹ̀lé e. Ọmọ tó mọ̀wé dáadáa ń já sílẹ̀ ní ọdún tó gbẹ̀yìn ní girama nítorí owó WAEC. Kí ìgbìmọ̀ yọ ti àwọn ọmọ náà sọ́tọ̀ kí wọ́n tó pín owó ìkórè, kí wọ́n san án fún ilé-ìwé tààrà, kí wọ́n gba rìsíìtì, kí iye rẹ̀ hàn nínú ìwé ìṣirò ìjọ. Orúkọ ọmọ kò gbọdọ̀ hàn. Ẹní ṣe oore tó lóṣòó tì í, bí ẹni tí kò ṣe é ni. Ọmọ tí a pè síwájú ìjọ, tí a ya fọ́tò rẹ̀ pẹ̀lú àpòòwé lọ́wọ́, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ yóò fi ṣẹ̀sín ní kíláàsì.

Kí a má sì bèèrè ibi tó ti ń jọ́sìn. Nílẹ̀ Yorùbá, ẹ̀gbọ́n lè máa lọ ṣọ́ọ̀ṣì, kí àbúrò máa kírun, kí ìyá kan náà máa bu oúnjẹ fún àwọn méjèèjì. Ìjọ tó bá fi ìwé àti bíró fa ọmọ Mùsùlùmí wá sí ìsìn, ìdẹkùn ló dẹ, òbí rẹ̀ yóò sì fa ọmọ rẹ̀ sẹ́yìn.

Ìrànlọ́wọ́ mìíràn wà tí kò gbówó. Gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì ṣófo lọ́sàn-án láti ọjọ́ Ajé dé ọjọ́ Ẹtì. Àga wà níbẹ̀, iná wà. Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì wà nínú ìjọ, àgùnbánirọ̀ wà ní àdúgbò. Wákàtí méjì lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, ìṣirò àti ìwé kíkà, lè gba ọmọ lọ́wọ́ ìjákulẹ̀. Ṣùgbọ́n kí àgbàlagbà tó wà níbẹ̀ má dín ní méjì, kí ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ dá mú ọmọ ọlọ́mọ lọ sílé, ì báà jẹ́ àlùfáà.

Àwọn ọ̀dọ́ tó ń kọ́ṣẹ́ ọwọ́ ńkọ́? Ọmọbìnrin tó kọ́ aṣọ rírán parí lè máa bá ọ̀gá rẹ̀ gbé nítorí owó fírídọ̀mù, bó bá sì rí i san, kò ní ẹ̀rọ ìránṣọ. Kí ìjọ bá ọ̀gá rẹ̀ sọ̀rọ̀, kí wọ́n ra ẹ̀rọ kan fún un, kí wọ́n sì gbé aṣọ ẹgbẹ́ akọrin fún un rán. Kí wọ́n san owó iṣẹ́ rẹ̀ pé, kí wọ́n má ní ti Olúwa ni.